Ìdí Tí Mọ́tò Fi Ń Mu Epo Díẹ̀díẹ̀

Nígbà kan rí, kí àwọn òkè tó ga tó báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni mọ́tò máa ń mu epo. Epo tí mò ń wí yìí kì í ṣe epo pupa tí ìyá yín fi ń se ọbẹ̀ o. Epo mọ́tò ni. Inú mọ́tò ayé ìgbà náà tóbi bí àká. Bó bá ti mu àmuyó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn kó tó tún mu.

Ilẹ̀ ló ni epo náà. Ìsun rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè kan ní ìpínlẹ̀ Òkè-Ìgbà, Ilẹ̀ kì í sì í fi í tọrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ epo ọdún kan yóò kó ọgọ́ta iṣu wá, agbọ̀n àgbàdo mẹ́wàá, àti ìkòkò oyin kan. Ilẹ̀ a gbà á, a fi bọ́ àwọn kòkòrò àti gbòǹgbò tó ń gbé abẹ́ rẹ̀.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àkànmú ló ni ín, òun àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, wọn kò sì tíì bímọ. Mọ́tò ni wọ́n fi ṣe ọmọ. Àṣàkẹ́ a máa fi aṣọ rírọ̀ nu ojú rẹ̀ láràárọ̀. Àkànmú fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà fún un kí oòrùn má baà pa á. Lọ́dọọdún, ìdajì ohun tí wọ́n bá kó lóko ni wọ́n ń gbé lọ fún Ilẹ̀ nítorí rẹ̀, wọn kò sì ráhùn rí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Àṣàkẹ́ lóyún.

Nígbà tí oyún náà hàn, Àkànmú lọ jókòó ti Mọ́tò lábẹ́ àtíbàbà. Ó sọ fún un pé ẹ̀yìn òkè ni Ìyá Dúródọlá agbẹ̀bí ń gbé, ọ̀nà náà sì jìn fún aláboyún láti fẹsẹ̀ rìn. Bí ọjọ́ bá pé, Mọ́tò ni yóò gbé Àṣàkẹ́ lọ. Mọ́tò dáhùn pé òun ti gbọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó fẹ́ ní àbúrò.

Ṣùgbọ́n Mọ́tò ní ìwà kan. Kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá.

Ẹsẹ̀ ń dun Ewúrẹ́, Mọ́tò gbé e lọ sọ́jà. Pẹ́pẹ́yẹ bí ọmọ mẹ́jọ, Mọ́tò ń gbé gbogbo wọn lọ sódò láràárọ̀. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ Òòrẹ̀, ẹlẹ́gùn-ún lára tí kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a rìn, Mọ́tò gbé e dé inú igbó lọ́hùn-ún, ó sì dúró dè é títí ó fi ṣe tán. Àwọn ọmọ abúlé náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ti oko dé, wọn a gun ẹ̀yìn rẹ̀, Mọ́tò a sì gbé wọn yí abúlé ká lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbèrò ibi.

Ìgbín nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá àtíbàbà, ó sì dúró.

Ó ní, "Mọ́tò, epo ọdún kan lo mu. Ṣé o mọ èyí tó kù?"

Mọ́tò ní, "Inú mi ṣì kún."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mọ́tò rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ebi kò tíì pa mí."

Ìgbín kò bá a jiyàn. Ó ní kó ṣáà máa rọra, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Bí Àkànmú náà bá bèèrè, ohun kan náà ni Mọ́tò ń sọ. Kò purọ́. Láyé ìgbà náà, kò sí ohunkóhun lára mọ́tò tó lè fi hàn án pé epo inú rẹ̀ ń tán lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ku oṣù méjì kí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìrọbí mú Àṣàkẹ́. Àkànmú gbé e sínú Mọ́tò, wọ́n sì mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Mọ́tò ń fi gbogbo ara gùnkè. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

Àkànmú sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ẹnu epo, ọwọ́ rẹ̀ jáde ní gbígbẹ.

Mọ́tò ní, "Bàbá, ẹ bá mi wí. Mi ò mọ̀ pé ó ti tán."

Inú mọ́tò ni Àṣàkẹ́ ti dá a lóhùn, òógùn bo gbogbo iwájú orí rẹ̀. Ó ní, "Má sunkún, ọmọ mi. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀ tán?"

Nígbà náà ni Àkànmú kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè, ó sì ké sí ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó fi orí ti ẹ̀yìn Mọ́tò. Àwọn ọmọ abúlé sáré dé. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù wọn kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Pẹ́pẹ́yẹ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ kò lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣa òkúta kúrò níwájú. Òòrẹ̀ dúró lókèèrè kí ẹ̀gún rẹ̀ má baà gún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá sinmi, òun ló ń ti igi sábẹ́ táyà kí Mọ́tò má baà yí padà sẹ́yìn. Wọ́n tì í, wọ́n tì í, títí wọ́n fi dé góńgó òkè.

Láti ibẹ̀, Mọ́tò rọra yí sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Dúródọlá rí eruku lókèèrè, ó sì jáde. Kó tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, igbe ọmọ ti sọ nínú rẹ̀. Obìnrin ni. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Àkànmú àti àwọn ará abúlé ti Mọ́tò lọ síbi ìsun epo. Àkànmú kúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Ilẹ̀ pé iṣu òun kò tíì tó wà, òun kò sì ní ohun tí òun lè fi san ti ọdún kan. Ó bẹ Ilẹ̀ pé kó jẹ́ kí Mọ́tò mu ìwọ̀nba tí òun lè san.

Ilẹ̀ dá a lóhùn. Ó ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Sísan díẹ̀díẹ̀ a máa pọ̀ ju sísan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ lópin ọdún, ẹnu yóò yà á."

Àkànmú ní òun fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ bá fọwọ́ kan inú Mọ́tò, inú náà sì súnkì.

Òòrẹ̀ bá jáde láti ẹ̀yìn èrò. Ó fa ẹ̀gún tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára rẹ̀ tu, ó gbé e fún Àkànmú, ó ní kó fi í sí àyà Mọ́tò, níbi tí ojú awakọ̀ lè tó, kí ẹ̀gún náà máa dìde bí epo bá kún, kó sì máa wálẹ̀ bó bá ń tán. Ilẹ̀ fi àṣẹ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò ti ń mu epo díẹ̀díẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kékeré sì ń dìde, tó ń sọ̀ níwájú awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń ya ẹni tó bá ro iye epo tó rà láàárín ọdún. Bí mọ́tò bá sì dákẹ́ sójú ọ̀nà, ẹ wo àwọn ènìyàn. Wọn kì í bèèrè ẹni tó ni ín. Wọn a sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọn a ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọn a sì bá a tì í.