Ohùn Ọkọ Fọláwẹ̀

Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Opó kan, Fọláwẹ̀, wo ọrùn ọmọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà. Táì tó gùn dé ìdodo ló rí, ó ní ọ̀mọ̀wé nìyí, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún un kó bá òun tún un ṣe.

"Ẹ̀rọ yín ń falẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́."

"Ohùn ọkọ mi tó kú wà níbẹ̀, níbi tó ti ń kì mí."

"Á padà wá fúnra ẹ̀."

Kò padà. Nígbà tí Fọláwẹ̀ lọ bá a, ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú, Mà. Bàtà ni mò ń tà títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ẹ̀rọ ń sáré báyìí lóòótọ́. Fọláwẹ̀ jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ó dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ ìyókù.