Ìdí Tí Àwo Orin Fi Ń Dún Pàrà-pàrà Kí Orin Tó Bẹ̀rẹ̀

Nígbà kan rí, ṣáájú kí a tó bí ìyá tó bí ìyá mi, àwo orin kì í pariwo kankan kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé e, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́, àfi bí orin bá dé lójijì.

Ìda kan ni àwọn tó ń ṣe àwo nígbà náà fi ń kùn ún lára. Ìda yìí kì í jẹ́ kí eruku dúró sí i, kì í sì í jẹ́ kí nǹkan ha á. Àwo tó ti lo ogún ọdún á máa dán bí èyí tí wọ́n ṣe lánàá.

Ní àsìkò yẹn, kápẹ́ńtà kan wà ní ìlú Ìdí-Òro tó ń jẹ́ Látóyè. Ohun méjì ló fẹ́ràn jù láyé: ìyá rẹ̀ àti àwo orin. Kì í ṣe àwo ńlá o. Àwọn kékeré ni, èyí tí orin kan ṣoṣo máa ń wà lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́wàá, ó sì fi igi kan àpótí fún wọn.

Látóyè ń kó ìtàn jọ pẹ̀lú. Bó bá ti rí àwo kan, á wádìí bí wọ́n ṣe kọ orin inú rẹ̀. Ó mọ èyí tí télọ̀ kan kọ nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ. Ó mọ èyí tí òsúkè ń ṣe afọnfèrè rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì rò pé àrà tuntun ló ń dá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn ará àdúgbò á péjọ síwájú ilé rẹ̀. Látóyè á kọ́kọ́ sọ ìtàn, lẹ́yìn náà á fi àwo sórí giramafóònù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín lé itan o!" á wí. "Ẹ fi ojú wò ó, ẹ fi etí gbọ́ ọ. Ọwọ́ ò sí níbẹ̀."

Àwo kan wà tó ṣọ̀wọ́n jù lọ. Nígbà tí Àṣàbí, ìyá Látóyè, wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló ṣe elégbè fún akọrin kan. Wọn ò kọ orúkọ wọn sára àwo náà. Àṣàbí lọ́kọ, ó di ẹni tó ń hun ẹní, kò sì kọrin mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Látóyè fi wá àwo yẹn. Ilé ọkùnrin kan lódìkejì odò ló ti rí i. Ọkùnrin náà ní òun ò ní í fún un àfi bó bá fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Látóyè fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọjọ́ tí Àṣàbí gbọ́ orin náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ wo bí ohùn mi ṣe tínrín! Àwẹ̀ró nìyẹn tó ń gbè é lẹ́yìn."

Kò pẹ́ sí i, ojú Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó yá, kò ríran mọ́. Bí Látóyè bá wà nílé, òun ló máa ń bá a fi àwo náà sí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kan, Látóyè jáde láàárọ̀ kùtù, ó lọ kan òrùlé ní abúlé kan. Kò pẹ́ tó lọ ni oníṣẹ́ dé. Ó ní Àwẹ̀ró ti kú.

Àṣàbí jókòó sórí ẹní. Òrí tó ń fi pa eékún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó ń táràrà lọ sídìí àpótí àwo.

Ó fọwọ́ kan àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ kan èkejì. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lọ́wọ́. Ó fi ọ̀kan sí ẹ̀rọ, kì í ṣe òun. Ó gbé e sórí ẹní, ó mú òmíràn. Báyìí ló ṣe títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Nígbẹ̀yìn, ohùn Àwẹ̀ró dún nínú ilé. Àṣàbí gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó tún un gbọ́ sí i.

Kò mọ̀ pé òrí ọwọ́ òun ti yọ ìda ara àwọn àwo náà. Eruku ẹní lẹ̀ mọ́ wọn, abẹ́rẹ́ sì ń ha wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Látóyè wọlé. Ó rí àwo káàkiri ilẹ̀.

"Màámi! Kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti ba gbogbo làálàá mi jẹ́!"

"Àwẹ̀ró kú láàárọ̀," ni Àṣàbí dáhùn. "Ohùn rẹ̀ ni mò ń wá."

Ó ń fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá lọ.

Látóyè kúnlẹ̀, ó ń kó àwo jọ. Ó fi ọ̀kan sí ẹ̀rọ láti mọ bó ṣe bà jẹ́ tó. Ó ń dún ṣàà, ṣàà, bí ewé gbígbẹ.

Àṣàbí sọ láti inú yàrá pé, "Ti télọ̀ nìyẹn."

Orin bẹ̀rẹ̀. Ti télọ̀ ni lóòótọ́.

Látóyè mú òmíràn. Ó ń dún kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.

"Olósùúkè," ni ìyá rẹ̀ wí. Òun náà ni.

Ó mú ẹ̀kẹta. Ó ń ta pá, pá-pá, bí iyọ̀ nínú iná.

"Àwa nìyẹn," ni Àṣàbí wí. "Èmi àti Àwẹ̀ró."

Látóyè sáré wọ yàrá. "Màámi, orin ò tíì bẹ̀rẹ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn máa ń dákẹ́ bákan náà ni, n kì í mọ ẹni tó ń bọ̀. Nísinsìnyí, kálukú ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án."

Látóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Màámi. Mo jágbe mọ́ yín lọ́jọ́ ọ̀fọ̀ yín."

"Dìde, Àlàó. Ìwọ tí o máa ń sọ ìtàn gbogbo àwo, o ò bi mí ní ti èyí rí."

Òótọ́ ni. Ojú ti Látóyè. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọjọ́ tí a lọ kọ ọ́, wọ́n ní ká bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ wa kó má baà máa dún. Tèmi bọ́. Ti Àwẹ̀ró kọ̀, ó há. Ó ti ń sunkún pé wọ́n á lé òun padà. Ni mo bá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, n kò tú u sílẹ̀."

Látóyè di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n tún àwo náà fi sí ẹ̀rọ, wọ́n sì gbọ́ orin náà pọ̀ títí ó fi tán.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, Látóyè ṣí àwọn àpótí sílẹ̀. Ó ní kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àwo tó wù ú. Ọmọdé fọwọ́ kàn án, arúgbó fọwọ́ kàn án. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àwo pé àwọn èèyàn fẹ́ràn àwo tó ń kanlẹ̀kùn kí orin tó wọlé, wọ́n sì dáwọ́ ìda kíkùn dúró.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ tí àwo orin fi ń dún pàrà-pàrà kí orin tó wọlé, títí di òní. Àwọn tó ń kó wọn jọ kì í bínú sí ariwo yẹn. Wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì ti dárúkọ orin náà kí akọrin tó la ẹnu.