Ọwọ́ Tó Wà Lórí Iná Ìyá Olótòlótòló

"Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì kì í yí iná kan." Ìlàjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìlàjì kejì ńkọ́, ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà Òkè-Àfọ̀n, ẹ lè rò pé àtùpà ni wọ́n ń bá wí. Kì í ṣe àtùpà o. Ẹyin tòlótòló ló bí i, Bàbá Fìjàbí ló sì gbẹ̀bí rẹ̀.

Ní ilé Ìyá Olótòlótòló, tó múlé ti ilé wa ní Òkè-Àfọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àpótí ńlá kan wà tí ń bá tòlótòló sàba lórí ẹyin. Gílóòbù mẹ́fà ní ń mú inú rẹ̀ gbóná. Iná ìlú nígbà náà kì í sì í dúró sójú kan: láàárọ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, lọ́sàn-án yóò tàn yòò bí ẹni tí wọ́n bú ní ìyá. Ìdí nìyí tí Bàbá Fìjàbí fi jókòó ti sitabiláísà, àpótí irin tí ń mú agbára iná dọ́gba, fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Abẹ́rẹ́ kan wà lójú àpótí náà tí ń fi agbára iná tó ń wọ inú rẹ̀ hàn, Bàbá sì ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tó yẹ kó dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀, á yí bọ́tìnnì sókè. Bó bá gòkè jù, á yí i wálẹ̀. Àwọn kan ní ọwọ́ òsì ló fi ń jẹyán nítorí pé ọ̀tún wà lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi òkèlè sí i lẹ́nu.

Ìgbà tó yá ni Ọmọ́tárá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kọ́ nípa iná ní yunifásítì, gbé àpótí kan dé tí kò ju páálí bàtà lọ. Kọ̀ǹpútà bíńtín kan wà nínú rẹ̀ tí ń fi nọ́ńbà ka agbára iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹyin, lọ́pọ̀ ìgbà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Bó bá dín, á fi kún un. Bó bá lé, á gé e kù. Ó so ó síwájú sitabiláísà, kí iná lè kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì na wáyà tín-ín-rín kan wọ inú àpótí ẹyin, kí ojú rẹ̀ lè máa wà níbẹ̀. Ó fẹ́ tú sitabiláísà kúrò, ṣùgbọ́n Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tú ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án."

"Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí iná, wọ́n ṣì ń nu imú fún ọ."

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí ẹyin ti wà nínú àpótí ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni tòlótòló ń pa. Ìyá Olótòlótòló ti kìlọ̀ láàárọ̀ pé bí ooru bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lónìí, òkú ni wọn yóò kó lọ́la.

Ọmọ́tárá lọ jẹun lẹ́yìnkùlé. Ó ku Bàbá àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n díẹ̀, ó sì rọ̀ sábẹ́ ìlà ṣọ́ọ̀kì bí ìwọ̀n irun kan. Bàbá kò pinnu ohunkóhun. Ọwọ́ rẹ̀ ló lọ fúnra rẹ̀. Ó yí bọ́tìnnì ní ìpele kan. Abẹ́rẹ́ tún wálẹ̀ sí i. Ó yí i ní ìpele kejì. Abẹ́rẹ́ ń lọ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rọ Ọmọ́tárá ti ń kú lọ! Èmi nìkan ni mo gbé iná yìí dúró o!"

Ó yí i títí kò fi sí ìpele mọ́. Àpótí kékeré náà sì ti gé iná kù títí kò fi rí nǹkan gé mọ́. Ni gílóòbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá funfun báláú, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde.

Ìyá Olótòlótòló ká ọwọ́ lérí. "Bàbá Fìjàbí! Ẹyin ni mo ní kí ẹ bá mi ṣọ́, n kò ní kí ẹ bá mi sè é!"

Ọmọ́tárá sáré dé, ẹ̀wà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ẹ mú ọwọ́ kúrò!"

"Bí mo bá mú ọwọ́ kúrò, ta ni yóò gbé e dúró?"

Ọmọ́tárá wo ọwọ́ náà. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè já a gbà. Ó ṣí àpótí, ó fa àtẹ ẹyin kan yọ, ó nà án sí i. "Ẹ gbà á, Bàbá! Ó ń já bọ́!"

Ọwọ́ Bàbá méjèèjì fò sábẹ́ àtẹ. Ọmọ́tárá dá bọ́tìnnì padà sí ààrin, gbogbo àwa tí a gbọ́ igbe tí a sáré wọlé sì tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì dúró sórí ìlà ṣọ́ọ̀kì gẹ́lẹ́. Gílóòbù rọ̀ wọ̀ọ̀. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Kò kú, Bàbá," ni Ọmọ́tárá wí. "Ẹ̀yin ń wo abẹ́rẹ́, òun ń wo ohun tó dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Bí ẹ ṣe ń bù kún un ni òun náà ń bù ú kù. Ara yín lẹ jọ ń tún ṣe."

Bàbá gbé àtẹ dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹnu ìgbà náà ni nǹkan kan dún nínú àtẹ: kọ́, kọ́, kọ́. Ẹyin kan sán, ẹnu tín-ín-rín kan sì yọ síta, ní ọ̀kánkán àtàǹpàkò tó ti ń yí iná láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí," ni Bàbá sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wo abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì kì í yí iná kan."

Lọ́jọ́ kejì, nínú ọgọ́fà ẹyin, mọ́kàndínláàádọ́fà ló pa. Ìyá Olótòlótòló fúnra rẹ̀ ló gbé àga Bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé e síwájú àpótí ẹyin. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tòlótòló tó jáde nílé náà tí kò kọ́kọ́ gba àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Fìjàbí kọjá. Ó ti pẹ́ gan-an, mo sì ti jìnnà sílé, síbẹ̀ ìró kọ́, kọ́, kọ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Nítorí náà, bí ìyá bá ń na ọmọ tí bàbá ń fi owó tù nínú, tàbí tí ìjòyè méjì ń parí ìjà kan láìbá ara wọn sọ ọ́, tí ọ̀ràn sì ń bàjẹ́ sí i bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ìgbà náà ni àgbà máa ń sọ pé, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì kì í yí iná kan. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹnì kan mú ọwọ́ kúrò. Àgbà tó bá sì gbọ́n, á ti wá nǹkan mìíràn tí onítọ̀hún yóò gbé dání.