Àtàǹpàkò Ìyá Ìbíyẹmí

Ọmọ kan ṣoṣo ni Wúràọlá bí, obìnrin ni, Ìbíyẹmí sì lorúkọ rẹ̀. Òrí ni Wúràọlá ń pò ní abúlé Ìdí-Òrí, lójú ọ̀nà Ṣakí, kò sì sí ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, nítorí òrí tirẹ̀ máa ń funfun, kì í sì í rùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń ṣe áàpù, ìyẹn àwọn nǹkan téèyàn ń tẹ̀ lójú fóònù láti fi ránṣẹ́, láti fi rajà tàbí láti fi gbọ́ ìròyìn. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ṣeé fẹnu ṣáátá. Ohun tí kò mọ́ ọn lọ́wọ́ ni wíwá sílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Ìdí-Òrí mọ́.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ilé o. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé bó bá gbóòórùn òrí lára ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, yóò yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omi ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan ṣe ń tán ni òmíràn ń yọjú, “oṣù tó ń bọ̀” sì lorin tó ń kọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ kì í tán nínú kàlẹ́ńdà. Pípe ara wọn lórí fóònù kò sì já mọ́ nǹkan kan, nítorí nẹ́tíwọ̀kì Ìdí-Òrí dà bí àna tó wá kí ni: kó tó jókòó, ó ti dìde. Wọn kò ní tíì kí ara wọn tán tí ìpè náà á fi já.

Nígbà tí àárò náà wá pọ̀ jù, Ìbíyẹmí pinnu pé òun yóò ṣe áàpù kan fún ìyá òun nìkan. Ìyá náà kò mọ̀wé, nítorí náà, kò ní sí ohun kíkà kankan níbẹ̀. Bọ́tìnì pupa kan ṣoṣo ni yóò wà láàárín. Kí Màámi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé ìka kúrò nígbà tí wọ́n bá parí. Áàpù náà yóò tọ́jú ohùn wọn, ìgbàkígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá sì yọjú, yóò fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fúnra rẹ̀, bí ohùn bá sì ti Ìbàdàn wá, yóò dún sí wọn létí bí wọ́n bá ti ṣí i. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí wọ́n ṣáà fa ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, áàpù á da ọ̀rọ̀ náà nù, wọ́n á sì tún un sọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn mọ́ Ìbíyẹmí nínú jù lọ, nítorí ó mọ ìyá rẹ̀ sí ẹni tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ṣì rárá.

Fóònù tí Wúràọlá ń lò ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un kó tó kú, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ gbé lọ sí Ìbàdàn, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan péré. Ìyẹn kò da Ìbíyẹmí láàmú. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ya fóònù sójú ara rẹ̀, irú èyíkéyìí téèyàn bá fẹ́. Fóònù náà á máa tàn, á máa dún, èèyàn á sì máa fi ọfà kékeré kan tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìbíyẹmí yan irú tí ìyá rẹ̀ ní. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀, ó gbé ọfà kúrò. Ó ṣe é tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò kùnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àgbàlagbà kan wà níbi iṣẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Jímọ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì kí ilé-iṣẹ́ náà tó gbà á pé kó máa bá wọn dán áàpù wò. Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó kún fún fóònù ojú fífọ́ àti èyí tí bátìrì rẹ̀ ti wú. Aláìsàn ló ń pè wọ́n.

“Ìbíyẹmí, mú ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn mi yìí,” ló wí. “Gbé e fún ìyá àgbà kan ní àdúgbò yìí, kó tẹ̀ ẹ́, kó o máa wò ó.”

“Ẹ ṣé, Bọ̀dá Jímọ̀. Irú fóònù Màámi gan-an ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí.”

“Fóònù wà níbẹ̀, mo gbà. Màámi ńkọ́?”

Ìbíyẹmí fi ẹ̀rín gbé e. Ó ní Bọ̀dá Jímọ̀ kàn ń wá iṣẹ́ fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ni.

Láìpẹ́, Gbádégẹṣin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ìbíyẹmí, wá rajà ní Ìbàdàn. Ìbíyẹmí fi áàpù náà sínú fóònù Gbádégẹṣin, ìyẹn sì gbé e délé, ó ti ibẹ̀ fi í sínú fóònù Wúràọlá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ohùn ìyá rẹ̀ dé sí Ìbàdàn, oríkì ló sì fi pè é.

“Àwẹ̀ní mi, ṣé ò ń gbọ́ mi? Gbádégẹṣin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o. Ó ní kí n ṣáà máa sọ̀rọ̀. Kí ni mo wá fẹ́ sọ báyìí? Ìgbà wo lò ń bọ̀?”

Ìbíyẹmí gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó gbọ́ ọ títí tó fi mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti mí sínú. Ó wá dá a lóhùn pé, “Màámi, iṣẹ́ ló pọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni.”

Láti ọjọ́ náà, kẹ́kẹ́ pa. Gbádégẹṣin ríṣẹ́ sí Ìlọrin, ó sì lọ, kò sì sí ẹlòmíràn ní Ìdí-Òrí tó mọ̀ nípa áàpù. Ìbíyẹmí ń fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ lójoojúmọ́, kò rí èsì. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wo inú kọ̀ǹpútà, nítorí kọ̀ǹpútà ń sọ ìgbà tí wọ́n bá ṣí áàpù náà fún un. Ohun tó rí níbẹ̀ bà á nínú jẹ́ ju àìmọ̀ lọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń ṣí i. Yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tán pátápátá, yóò sì tì í pa láìfi nǹkan kan ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rin ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

“Wọ́n ń gbọ́ mi,” ni Ìbíyẹmí ń sọ fún ara rẹ̀. “Wọ́n kàn kọ̀ láti dá mi lóhùn ni.” Ó dá a lójú pé “oṣù tó ń bọ̀” yẹn ló fa ìbínú. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ìyá rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti lọ bá a. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ sínú áàpù náà pé, “Màámi, ẹ bú mi. Bó bá ṣe èébú náà ni, ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́.” Èébú náà kò dé.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá Jímọ̀ rí i pé oúnjẹ ọ̀sán Ìbíyẹmí ti tutù síwájú rẹ̀. Ó bi í léèrè, Ìbíyẹmí sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

“Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i?”

“Lójoojúmọ́, sà.”

“Ẹni tó bá ń bínú síni kì í ṣílẹ̀kùn fúnni lójoojúmọ́. Ìwọ ò tíì rí ọwọ́ tó ń tẹ nǹkan tó o ṣe. Lọ wò ó.”

Ìbíyẹmí kò dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ó gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, ó ti wà nínú ọkọ̀ Ṣakí.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí ọ̀kadà já a sílẹ̀ ní Ìdí-Òrí. Ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni o, àmọ́ ó gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Ó rọra yí ẹ̀gbẹ́ ilé ká. Ìyá rẹ̀ ló kẹ́yìn sí i yẹn, lórí àpótí, nítòsí ọpọ́n òrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò tán. Ó ti rù. Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, ó ń bá a sọ̀rọ̀.

“Àwẹ̀ní mi, mo kí ọ o. Mo ti gbọ́ èyí tó o sọ níjẹta. O ní kí n bú ọ. Kí ni kí n tìtorí ẹ̀ bú ọ? Ta ní í bú ojú ara rẹ̀ pé ó ń wo ọ̀nà jíjìn? Mo ti ń sọ ọ́ fún ọ láti ọjọ́ yìí pé inú ò bí mi. Àbí mi ò sọ ọ́ sókè tó ni?” Ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń pe ará òkè odò. “Inú ò bí mi o! Igi òrí ẹ̀yìnkùlé yìí tí bàbá rẹ ò jẹ́ kí wọ́n gé, ó so lọ́dún yìí. Mo ṣa nínú èso rẹ̀ pamọ́ dè ọ́. Ó ti ń rà báyìí. Ọ̀la, màá tún ṣa òmíràn.”

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ojú Ìbíyẹmí ti bọ́ sí ọwọ́ tó di fóònù mú. Òrí ló bò ó láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Wúràọlá ti nù ún mọ́ ìró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé òrí kì í torí aṣọ kúrò lọ́wọ́ apòrí? Ogójì ọdún ni ọwọ́ náà ti fi ń mu ún. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì pupa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àmọ́ kó tó kí ọmọ rẹ̀ tán ni àtàǹpàkò náà ti ń yọ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná pupa kú. Áàpù náà da ọ̀rọ̀ ọ̀hún nù, gẹ́gẹ́ bí Ìbíyẹmí ṣe pàṣẹ fún un. Ìyá àgbà kò mọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ fún ohun tí kò gbọ́ mọ́. Nígbà tó parí, ó gbé ìka kúrò, ó ní, “Ó ti lọ,” ó sì gbé fóònù lé itan, ó ń wò ó.

Ọfà inú kọ̀ǹpútà kì í po òrí. Kì í sì í yọ̀. Ohun tí Ìbíyẹmí fi síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ má baà ṣì, òun ló ti da ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó lé ní mẹ́tàléláàádọ́rin nù, Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é.

“Màámi,” ló wí.

Wúràọlá sáré gbé fóònù, ó fi í sétí.

“Màámi, ẹ̀yìn yín ni mo wà.”

Ìyá náà yíjú padà. Kó tó dìde, Ìbíyẹmí ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Wúràọlá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ rẹ̀ mú, òrí kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ìbíyẹmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé bí ìka ṣe ń yọ̀ àti ohun tí yíyọ̀ náà ń fà.

“Kò sí ọ̀kan tó dé?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Àfi èyí tí Gbádégẹṣin bá yín tẹ̀.”

“Àlá tí mo lá nípa bàbá rẹ ńkọ́?”

“Kò dé, Màámi.”

“Oríkì tí mo kì ọ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ?”

Ìbíyẹmí di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun ni. Lójú kan náà ló fa kọ̀ǹpútà yọ nínú báàgì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì tún áàpù náà ṣe. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, yóò máa gbọ́. Téèyàn bá tún un tẹ̀, yóò dákẹ́. Bí ìka bá yọ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ fóònù, kò ní da ohunkóhun nù mọ́. Ó fi í sínú fóònù ìyá rẹ̀, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

“Ẹ má nu ọwọ́ yín, Màámi. Bó ṣe wà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀, ká gbọ́.”

Wúràọlá fi àtàǹpàkò tí òrí bò tẹ bọ́tìnì. Iná pupa tàn, kò sì kú. Ìka yọ̀, iná ṣì wà níbẹ̀. Inú Ìbíyẹmí dùn, ó mi orí sí ìyá rẹ̀ pé kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá náà la ẹnu. Ó wo fóònù. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì gbé fóònù náà dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n.

“Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀ nínú ìyẹn?” ló wí. “Ṣebí ìwọ nìyí. Gbé kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀. Sún mọ́ mi, kí n rí ọ dáadáa. Lọ́jọ́ tí Gbádégẹṣin lọ sí Ìlọrin, ohun tí mo sọ fún ọ nìyí.”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti ọjọ́ kìíní. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ti gbàgbé. Bó bá kan irú wọn, yóò máa wo ojú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yóò sì máa wo tirẹ̀, títí èyí tó kàn yóò fi dé ẹnu rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdí-Òrí fi ń pa á lówe títí di òní pé ojú lọ̀rọ̀ wà.