Ẹni Tí Ọnàwùmí Fẹ́ Pa

Ní Ìdógbè, nígbà tí àwọn ará ilé Ọlọ́nà ṣì ń gbẹ́ ilẹ̀kùn fún àwọn ọba káàkiri, kò sí ẹni tó mọ igi gbẹ́ bíi Ọnàwùmí, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá yin iṣẹ́ rẹ̀, á ní onítọ̀hún kò tíì yìn ín tó. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí ọkọ òun gbẹ́ ère ewúrẹ́, ojú ara rẹ̀ ni yóò gbẹ́ sí i. Ọnàwùmí á rẹ́rìn-ín, nítorí ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ẹnu obìnrin náà sì dùn.

Yẹ̀yẹ́ náà kò pẹ́ di ẹkún. Ọba ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin tuntun. Ọnàwùmí àti àbúrò rẹ̀, Ọnàjídé, ni wọ́n jọ gbẹ́ ẹ. Ojú Àwẹ̀ró ló ṣe, nítorí òun ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Adúmáadán ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Adúmáadán ló gbẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin tó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àwọn ẹlẹ́ṣin yìí gan-an ni gbogbo ìlú sì dúró wò. Nígbà tí ọba bèèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ náà, Ọnàwùmí dìde láàárín èrò, ó ní, "Kábíyèsí, èmi ni. Èmi nìkan ni." Àbúrò rẹ̀ àti Àwẹ̀ró ń bẹ níbẹ̀. Àbúrò náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ìlú ìyá wọn. Odò Awérè kún, ó sì gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn apẹja gbé òkú rẹ̀ wálé.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu Ọnàwùmí mọ́. Kò sunkún lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ń gbọ́ ọ tó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé: "Èmi. Èmi nìkan." Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ló pa àbúrò òun, òun yóò sì pa ẹni tó sọ ọ́. Àwẹ̀ró rò pé ọkọ òun fẹ́ pokùnso. Ó fà á lọ́wọ́, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Efúnyẹlá, arúgbó tó ń tọ́jú ojúbọ Ọbàtálá.

Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán.

"Amọ̀ kan ṣoṣo ni Ọbàtálá fi mọ gbogbo wa," ó wí. "Èémí kan náà ni Olódùmarè sì mí sí wa nínú. Kò síbi tí ìwọ ti parí tí àbúrò rẹ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ojú lásán ló ń pín wa."

"Ìyá, kí wá ni èmi tí mo ń pè yìí?"

"Ohun tí wọ́n fún ọ láti fi jíṣẹ́ láyé ni. Bí wọ́n bá pè ọ́, òun ló ń jẹ́. Bí ebi bá ń pa ọ́, òun ló ń wá oúnjẹ. Máa rán an níṣẹ́. Ìgbà tó bá jọba lé ọ lórí ló ń pa ènìyàn."

"Mo fẹ́ pa á."

"Ta ló fẹ́ pa á?" Ìyá Efúnyẹlá bi í. Ó tún ní, "Ọmọ mi, wá máa gbé ọ̀dọ̀ wa. Máa bá wa pọnmi, máa bá wa fọ aṣọ funfun, kí o sì gbà kí ẹlòmíràn máa sọ ibi tí o ti kù díẹ̀ káàtó fún ọ. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Díẹ̀díẹ̀ ni èmi yẹn yóò fúyẹ́."

Ọnàwùmí gbìyànjú rẹ̀. Ó pọnmi, ó fọṣọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọjá ń wí pé, "Ẹ wo ọlọ́nà ńlá bó ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀," inú rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà tó ká ara rẹ̀ mọ́ inú dídùn yìí, ó bínú, ó kó kúrò níbẹ̀. Ó búra níwájú ojúbọ pé òun kò ní gba ìrànlọ́wọ́ ẹ̀dá kankan mọ́ títí Ọnàwùmí yóò fi kú nínú òun. Ìyá Efúnyẹlá bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó kọ́ ahéré sí etí igbó ní òdìkejì odò, ó ní òun yóò máa dá gbẹ́ ère àbúrò òun níbẹ̀.

Inú bí Àwẹ̀ró gidi. Kì í ṣe opó, kò sì sí ọkọ nílé fún òun àti Àrẹ̀mú, ọmọ wọn kékeré. Òkú kan ti tó láti sin nínú ẹbí náà, ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ọkọ rẹ̀ padà wálé láàyè. Lọ́jọ́ ọjà gbogbo, ó ń gbé oúnjẹ kọjá odò lọ bá a, ó sì ń gbé e padà bó ṣe gbé e lọ. Egungun ti ń yọ lára ọkùnrin náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá a níbi tó jókòó sí nídìí ère tó kù díẹ̀ kó parí. Èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ ti là sí méjì, irin lásán ló kù. Ó fi ewé di irin náà, ó fi ń gbẹ́ ẹ̀ka orógbó tó fẹ́ fi ṣe èèkù mìíràn. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ti ya.

"Bàbá Àrẹ̀mú, ẹ kú iṣẹ́ o," Àwẹ̀ró wí.

"Kò sí Bàbá Àrẹ̀mú níbí mọ́."

"Ta ló wá ń dá mi lóhùn?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé iṣu jáde. "Ẹ gba ọ̀bẹ mi, ẹ fi gbẹ́ èèkù tiyín. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé tiyín lọ fún alágbẹ̀dẹ."

"Mo ti búra. Ọ̀bẹ mi mú. Òun náà ni yóò gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

"Nígbà tí kò níbi tí ọwọ́ yóò dì mú?"

"Ta ló lè ṣe ohun tí mo ń ṣe yìí ní gbogbo Ìdógbè, Àwẹ̀ró? Èmi ni. Èmi nìkan ni."

Àwẹ̀ró mọ ohùn yẹn, ó ti gbọ́ ọ ní ààfin. Ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti tún un sọ. Àwẹ̀ró fẹ́ là á yé e, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ti sú u. Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

Ó dé etí odò, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó ní bí ọkọ òun kò bá tilẹ̀ gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ òun, òun yóò fi í sí ẹnu ọ̀nà ahéré, bóyá tí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó, yóò mú un. Ó yí padà.

Ọnàwùmí ṣì jókòó síbi tó fi í sí. Ewé tó fi di irin náà ti ya, irin ti yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti wọ inú itan rẹ̀ níbi tí iṣan ńlá wà. Ẹ̀jẹ̀ ti rin gbogbo ẹní. Àwẹ̀ró tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di itan náà, ó fà á le, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá.

"Etí odò níbí ni mo wà. Ká ní ẹ ké, ǹ bá ti gbọ́. Kí ló dé tí ẹ kò pè mí?"

"Mo fẹ́ pè ọ́." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Òun ni kò jẹ́. Ó ní wọn yóò sọ pé n kò lè dá a ṣe."

"Ta ni òun?"

"Ẹni tí mo wá pa níbí." Ó wo irin tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Òun ló mú ọ̀bẹ dání látọjọ́ yìí, Àwẹ̀ró. Gbà mí."

Láti ìgbà tó ti kúrò nílé, kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Àwẹ̀ró gbé orí rẹ̀ lé itan, ó fi igbe ta. Àwọn tó wà lóko gbọ́, wọ́n sáré wá, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́ kí wọ́n tó dé.

Ìyá Efúnyẹlá ni ó dé kẹ́yìn, torí ẹsẹ̀ arúgbó. Ó mú irin ẹlẹ́jẹ̀ náà àti igi orógbó tí kò gún, ó wò wọ́n títí.

"Ìyá," Àwẹ̀ró wí, "bí Àrẹ̀mú bá dàgbà, tó bi mí léèrè ohun tó pa baba rẹ̀, kí ni kí n sọ?"

"Sọ fún un pé baba rẹ̀ ní ọ̀bẹ tó mú, ó sì mọ ohun tó fẹ́ gé. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló kù, ìwọ sì gbé e wá fún un, kò gbà á."

Àwẹ̀ró sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ, ó sì di ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe wí títí dòní pé: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.