Àwẹ̀ró Tó Gbé Iná Abíyamọ Síta

Ní ìgbà láéláé, kí àwọn baba ńlá wa tó mọ odi yí ìlú Ìgbórò ká, agbẹ̀bí kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, obìnrin ẹlẹ́yìn gbòòrò bí afárá, tí kì í fọwọ́ kan aboyún láì kọ́kọ́ fọ ọwọ́ náà.

Nígbà náà, bí obìnrin bá bímọ, wọn a dá iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀ fún ọjọ́ méje kí òtútù má baà mú un. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, wọn a ní iná ni. Ọ̀pọ̀ abíyamọ ni wọ́n fi bẹ́ẹ̀ sin.

Ní ọjọ́ kẹta tí Ìbídùn, aya ọdẹ kan, bímọ, Àwẹ̀ró bá a tó ń gbọ̀n nídìí iná. Ọmọ ń ké, kò wò ó. Òórùn burúkú sì ń jáde lára aṣọ tó fi dìdí.

Àwẹ̀ró sọ fún ìyá ọkọ Ìbídùn pé, "Ìyá Láwọyin, ara ìyàwó yín gbóná jù."

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ta ló sùn ti iná tí ara rẹ̀ tutù? Àbí ẹja odò ni mo fẹ́ fún ọmọ mi?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé iná síta. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ lé mi bí ajá tó jí ẹran. Bí kò bá tutù, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi."

Wọ́n gbé iná náà síta. Oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dé ara ògiri. Ìyá Láwọyin fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn Ìbídùn, ó sì yára fà á padà.

"Báyìí ni ọmọbìnrin tèmi náà gbóná kó tó kú," ó ní. "Èmi ni mo ń koná mọ́ ọn." Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Àwẹ̀ró ní, "Ìyá, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mọ àìsàn yìí, ṣùgbọ́n n kò ní egbòogi rẹ̀. Àwọn oníṣègùn òdìkejì odò ló ní in, àìsàn náà kò sì ní dúró de ọ̀la."

Ó pọn Ìbídùn bí ọmọ, ó wọ odò, omi mù ún dé àyà. Ìyá Láwọyin tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọ jòjòló sínú igbá lórí.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni àwọn oníṣègùn náà fi tọ́jú Ìbídùn kó tó béèrè ẹ̀kọ, kó sì tó béèrè ọmọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró darúgbó kó tó kú. Ìbídùn ló fọ ọwọ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ri òkúta ààrò mẹ́ta sí etí odò fún ìrántí rẹ̀. Títí dòní, ní ọjọ́ kẹta ìbímọ, ìyá ọkọ ni í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé iná síta ní Ìgbórò.

Ní ti ààrò etí odò yẹn, ẹnikẹ́ni kò dáná sí i rí.