Bọ́ọ̀ṣì Fẹ́sípà Baálẹ̀

Baálẹ̀ Ògúngbadé ní kí Ráìmì mẹkáníìkì fi bọ́ọ̀ṣì tuntun, rọ́bà tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, sí ìdí ṣọ́ọ̀kì alùpùpù Fẹ́sípà òun. Ó ní bí kòtò ọ̀nà oko bá tún gbọ̀n òun, òun á wó ìsọ̀ rẹ̀. Kòtò ọ̀nà náà lè gbé ewúrẹ́ mì, bẹ́ẹ̀ Baálẹ̀ ti fọ́nnu fún ìlú pé òun ti tún un ṣe. Ráìmì pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì, ó ní kí Baálẹ̀ gùn ún wò lọ́jọ́ ìpàdé ìlú. Baálẹ̀ padà dé síbi ìpàdé, ó di ìbàdí mú. Ráìmì dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ kú àbọ̀, Baba. Ṣé ẹ rí kòtò lọ́nà tí ẹ tún ṣe fún wa?" Baálẹ̀ wojú èrò, ó ní, "Kò sí kòtò kankan." Bí ìsọ̀ ṣe yè nìyẹn. Lóṣù kejì, ìyàwó Ráìmì tó lóyún ṣubú sínú kòtò yẹn, oyún náà sì bàjẹ́. Ráìmì lọ bẹ Baálẹ̀ pé kó tún ọ̀nà ṣe. Baálẹ̀ ní, "Kòtò wo, Ráìmì? Ṣebí ìṣojú rẹ ni mo ti sọ pé kò sí."